Kíkó ọmọdé lọ sí ọgbà omi l'Ábújà: láti orí fóònù títí dé alẹ́ ọjọ́ náà

Ọmọ tó ń rì kì í pariwo. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù, tí ọmọ á máa ju ọwọ́ sókè, tí á máa ké pé "ẹ gbà mí o", kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnu ọmọ náà á wà ní ìwọ̀n ojú omi gan-an, orí rẹ̀ á yí sẹ́yìn, ojú rẹ̀ á dà bí ẹni tí kò rí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á máa tẹ omi sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń gun àkàsọ̀ tí kò sí níbẹ̀. Nígbà mìíràn kò ní pé ìṣẹ́jú kan tí yóò fi rì. Ẹni tó jókòó nítòsí, tó ń wo fóònù, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní 2021, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi pa káàkiri ayé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 5.

Nítorí náà, láti orí irú ọjọ́ tí ẹ máa yàn dé orí kúlà oúnjẹ, ìbéèrè kan náà ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: kí ló máa gbé ojú àgbà kúrò lára ọmọ, báwo lẹ ṣe máa yanjú rẹ̀ kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan omi?

Ọjọ́ àti wákàtí

Ojú ọjọ́ Àbújà kì í ṣe ti Ìbàdàn. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, ọyẹ́ á ti fi gbogbo òru mú omi tutù, oòrùn aago mẹ́wàá kò sì tíì lágbára tó láti mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi tútù máa ń fa ooru kúrò lára ọmọ kékeré kíákíá ju ti àgbà lọ. Tó bá di dandan kí ẹ lọ lásìkò ọyẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, kí ẹ sì jáde kí aago mẹ́ta tó lù.

Láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹrin, òdìkejì rẹ̀ ni. Oòrùn á mú tó 37 °C, kọnkéré ẹ̀gbẹ́ omi á máa jó àtẹ́lẹsẹ̀, ike síláìdì náà á gbóná bí àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí iná kúrò. Ẹ débẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣí géètì, kí ẹ sì ti máa palẹ̀ mọ́ kó tó di aago méjìlá. Lásìkò òjò, àárọ̀ náà ló dáa, torí ọwọ́ ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ni òjò alárá sábà máa ń ṣú. Bí ààrá bá sán lẹ́ẹ̀kan péré, ì báà jìnnà réré, kí gbogbo yín jáde nínú omi. Ẹ má padà wọ̀ ọ́ títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn ààrá tó sán kẹ́yìn. Ọmọ á sunkún. Ẹ jẹ́ kó sunkún.

Ní ti ọjọ́, ẹ sá fún ọjọ́ Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀, ọjọ́ Kérésì sí Ọdún Tuntun, àti 27 oṣù Karùn-ún tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Bí èrò bá ti pọ̀ jù, omi á dà rú, ẹ kò ní rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́, ọmọ yín á sì di ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún orí tó ń yọ lójú omi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ nígbà ìsinmi iléèwé ló dára jù. Bó bá jẹ́ Sátidé nìkan ni ààyè yín, ẹ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ní géètì. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ìyẹn ti di ọjà.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pè wọ́n

Láti Kúbwà dé Lúgbè, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe oríṣiríṣi nǹkan. Ọgbà omi tibí lè jẹ́ pool òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so síláìdì kékeré kan mọ́, tọ̀hún lè jẹ́ rọ́bà aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ ìsinmi. Nítorí náà, ẹ béèrè báyìí: mélòó ni jíjìn omi àwọn ọmọdé? (Fún ọmọ ọdún 3, omi tó bá ti kọjá ìdodo rẹ̀ ti jìn jù.) Ṣé ọgbà tàbí ògiri wà láàárín omi ọmọdé àti omi àgbà? Lifeguard (ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ àwọn tó wà nínú omi) mélòó ló wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ ń bọ̀, ṣé ọ̀kan nínú wọn máa ń dúró síbi omi ọmọdé? Ṣé wọ́n gba aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó bo ara, fún àwọn tó ń lo híjáàbù? Ṣé àgbà tí kò ní wọ omi náà ń sanwó, ṣé wọ́n sì ń jẹ́ kí ènìyàn gbé oúnjẹ wọlé?

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí: bí iná bá lọ, ṣé jẹnẹrétọ̀ ń gbé pọ́ńpù omi? Pọ́ńpù yẹn ló ń fa omi gba inú àsẹ́ kọjá, tó sì ń pín chlorine, oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, káàkiri. Tó bá ti dákẹ́ láti àárọ̀, tí oòrùn sì ń pa chlorine tó wà lójú omi, ibi tí ọmọ ogún ti ń tọ̀ sínú omi kékeré kan náà kì í ṣe ibi tí ẹ fẹ́ kí ọmọ yín ti máa gbé omi mì. Bí ẹni tó gbé fóònù bá ní "kò sí wàhálà", ẹ tún ìbéèrè náà bi í. "Kò sí wàhálà" kì í ṣe ìdáhùn.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí ẹ kò kàn lọ sí adágún Jábì tàbí odò kan nítòsí, ọ̀fẹ́ sáà ni. Ibi ìgbafẹ́ ni Jábì, fún ìrìn àti ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe ibi tí ọmọdé ti ń lúwẹ̀ẹ́. Odò àti adágún tí kò ní chlorine, ẹ kì í rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìgbín omi tó ń gbé kòkòrò àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kiri sì lè wà níbẹ̀. Wikki, ìsun omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó wà nínú igbó Yánkárì ní Bauchi, ṣàrà ọ̀tọ̀: omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì máa ń wà ní nǹkan bí 31 °C yípo ọdún. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò ọ̀nà jíjìn ni láti Àbújà, omi náà ga ju ọmọdé lọ láwọn ibì kan, àwọn ìnàkí ibẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò.

Ta ló ń ṣọ́ ta

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, àgbà kan sí ọmọ kan, nínú omi, ní ibi tí ọwọ́ ti lè tó o láìsáré. Bí ẹ bá jẹ́ àgbà méjì pẹ̀lú ọmọ kékeré mẹ́rin, ẹ wá ẹni kẹta, kí ẹ sì pín àwọn ọmọ náà, méjì nínú omi, méjì lórí ẹní pẹ̀lú ìpápánu. Láàárín àwa Yorùbá, ẹ̀gbọ́n ló ń mójú tó àbúrò, ó sì dáa bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Nínú omi, ẹ̀gbọ́n ọmọ ọdún 9 kì í ṣe àgbà. Bí àbúrò bá dì mọ́ ọn lọ́rùn nígbà tí ẹ̀rù bà á, àwọn méjèèjì ló máa rì. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, tó ń gbé báàgì, tó ń gbé fóònù àǹtí dání, òun náà kì í ṣe olùṣọ́. Lifeguard ńkọ́? Òun ń wo gbogbo omi, ẹ̀yin ń wo ọmọ yín.

Ìṣòro tó ń ṣẹlẹ̀ jù ni pé àgbà márùn-ún wà níbẹ̀, kálukú sì rò pé ẹnì kejì ló ń wò. Ẹ mú fìlà kan tí àwọ̀ rẹ̀ hàn ketekete, pupa fòò tàbí yẹ́lò. Ẹni tó bá dé fìlà yìí kò ní jẹun, kò ní tajú fóònù, kò ní bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 sí 20, ó ṣí i, ó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ jáde: "Ẹ gba fìlà o, Fèyí wà lápá òsì, Máyọ̀ wà lórí àtẹ̀gùn." Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ fẹnu jẹ́ "mo ti gbà á" kí ẹni àkọ́kọ́ tó kúrò. Ó dà bí eré, ṣùgbọ́n àárín gbígbà àti fífún yìí gan-an ni ọmọ ti ń sọnù.

Ohun tí ẹ máa kó dání

Fún ọmọ méjì: aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ méjì méjì, aṣọ ìnura méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan (ọ̀kan fún àárín eré, ọ̀kan gbígbẹ tí ẹ kò ní tú títí ẹ fi fẹ́ máa lọ), bàtà rọ́bà tó ní okùn lẹ́yìn ẹsẹ̀, ìró kan tàbí méjì, ọ̀rá ńlá mẹ́ta fún aṣọ tútù, àti omi mímu tó tó lítà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Owó díẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú, torí ọjọ́ tí tíráńsífà kò bá wọlé ni ẹ máa dúró níwájú géètì fún ogójì ìṣẹ́jú.

Àwọ̀ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge. Búlúù àti funfun máa ń pòórá lábẹ́ omi. Ọsàn tó ń tàn àti àwọ̀ ewé tó mú gan-an ló ń hàn. Ẹ má fi sìńgílẹ́ẹ̀tì òwú wọ omi: òwú á mu omi, á wúwo, á máa fà wálẹ̀ lára ọmọ.

Ìkókó tí kò tíì pé oṣù 6 kò ní ohun tó ń ṣe nínú pool. Àwọn tó ti kọjá bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lo pampers, èyí tí wọ́n ṣe fún omi ni kí ẹ rà, torí pampers ojoojúmọ́ á wú bí fùkẹ̀, á sì tú. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín. Ìgbẹ́ líle nìkan ló ń dá dúró, kì í dá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ gbuuru dúró. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí wákàtí, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ nílé ìtọ̀, kì í ṣe létí omi. Ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ilé ni kí ó wà. Kòkòrò kan wà, Cryptosporidium, tó lè lo ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láàyè nínú omi tí chlorine rẹ̀ pé.

Irun ọmọbìnrin ńkọ́? Ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ orí rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ó máa ń já bọ́, àwọn ìkókó á sì kó o sẹ́nu. Àtàṣímẹ́ǹtì gígùn ló léwu jù, torí ihò tó ń fa omi nísàlẹ̀ pool lè fà á mú. Ẹ kó irun jọ sókè, ẹ fi omi mímọ́ rin ín dáadáa, torí irun tó ti mu omi mímọ́ yó kì í fa omi oníchlorine mu púpọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ fi òróró àgbọn tàbí òrí pa á, kí ẹ tó fi fìlà rọ́bà dé e. Ẹ má sì lo òrí rọ́pò ìpara adènà oòrùn. Awọ dúdú náà ń jó nínú oòrùn oṣù Kẹta. Ẹ ra ìpara tí wọ́n kọ SPF 30 sí lára, ẹ fi pa wọ́n ní ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó bọ́ síta, ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì méjì àti lẹ́yìn tí ẹ bá nu ara ọmọ.

Rọ́bà aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń kì bọ apá ọmọ, àti òrùka aláfẹ́fẹ́ tí ọmọ ń jókòó sí, ohun ìṣeré ni wọ́n. Ti apá máa ń yọ, òrùka máa ń dojú dé, orí ọmọ á sì wà nínú omi, ẹsẹ̀ lókè. Life jacket gidi ni kí ẹ rà, èyí tí ìwọ̀n kílò ọmọ wà lára rẹ̀, tó ní okùn tó gba àárín itan kọjá. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un nílé, ẹ so gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹ wá di ibi èjìká rẹ̀ mú, kí ẹ gbé ọmọ náà sókè. Bí jákẹ́ẹ̀tì bá gòkè tó bo àgbọ̀n àti etí rẹ̀, ó tóbi jù. Ẹ má ra ti "ó máa dàgbà sí i".

Kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ṣọ

Ẹ lọ síbi omi kí ẹ tó tú báàgì. Ẹ wo ibi tó jìn jù: ṣé ẹ rí irin ihò ìsàlẹ̀ kedere, tí ẹ lè ka ojú rẹ̀? Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kò ní rí ọmọ tó bá wà níbẹ̀ náà. Bí irin yẹn bá ti fọ́ tàbí tó ti ṣí, ẹ máa lọ sílé, torí agbára tó fi ń fa omi lè di ọmọ mọ́lẹ̀. Ẹ fọwọ́ pa táìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ewédú, chlorine kò tó. Òórùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí òórùn chlorine bá ta síni nímú, omi ti mọ́ nìyẹn. Òdìkejì ni. Chlorine tó ti pàdé ìtọ̀ àti òógùn ló ń rùn tó sì ń ta ojú. Omi tó mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Bí ẹ bá ní páálí ìdánwò kékeré, ẹ tì í bọ omi: kí chlorine wà láàárín 1 sí 3 ppm, kí pH, ìyẹn ìwọ̀n kíkan omi, wà láàárín 7.2 sí 7.8.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá ọmọ, pẹ̀lú bírò tí omi kì í tètè pa rẹ́. Ẹ fi ilé ìtọ̀ hàn án. Ẹ kọ́ ọ pé bí fèrè bá dún, ó dúró lójú kan, torí lifeguard lè máa fi Haúsá tàbí Gẹ̀ẹ́sì kígbe, ọmọ tó ń gbọ́ Yorùbá nìkan kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Kí gbogbo yín wẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan lábẹ́ ṣáwà, kí ẹ tó wọ omi.

Nínú omi, lórí síláìdì

Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ wọlé, kí ọmọ wá bá yín. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ mú un jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọmọ kì í sọ pé òtútù ń mú òun bí eré bá dùn. Lára ọmọ dúdú, ẹ má dúró kí ètè rẹ̀ yí àwọ̀ níta. Ẹ fa ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀ àti èékánná rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá ti ń ṣe bí eérú tàbí aró, tàbí tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó ti tó.

Síláìdì ńlá sábà máa ń béèrè pé kí ọmọ ga tó 120 cm. Ẹ má bá wọn dúnàádúrà lórí ìyẹn. Kí ẹsẹ̀ ṣáájú, kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, kò sí pé à ń kó ara wa lẹ́yìn bí ọkọ̀ ojú irin. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń ṣe pẹ̀lú ìfẹ́ ló ń ṣẹ́ ọmọ lẹ́sẹ̀: wọ́n á gbé e lé itan, wọ́n á jọ yọ̀ wálẹ̀. Bí bàtà tàbí ẹsẹ̀ ọmọ bá há mọ́ ẹ̀gbẹ́ síláìdì, ìwúwo àgbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní dúró, egungun ojúgun á sì kán. Bí kò bá lè dá yọ̀ ọ́, kò tíì tó o. Ẹni tó ń dúró dè é nísàlẹ̀, kí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe ọ̀gangan ibi tí ọmọ máa já sí.

Bí ẹ bá wò yíká tí ẹ kò rí ọmọ, inú omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, láti ìsàlẹ̀ ibi tó jìn jù. Ilé ìtọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń ta áísìkirímù lè dúró.

Oúnjẹ

Oúnjẹ kékeré, lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta: mọ́ínmọ́ín, másà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì nínú fúláásì tó gbóná. Bí ooru bá ti kọjá 32 °C, oúnjẹ tó wà níta kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí kan lọ, pàápàá èyí tó ní ẹyin, ẹran tàbí máyònéèsì. Kí zobo àti kùnú wà nínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Ẹ̀pà, gúgúrú àti chin-chin, kí wọ́n jẹ ẹ́ ní ìjókòó, kì í ṣe pẹ̀lú eré sísá, torí ó lè há ọmọ lọ́fun. Ẹni tó ń pín oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó dé fìlà.

Bí omi bá gbé ọmọ mì

Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, ẹ má fò sínú omi jíjìn. Ẹ dọ̀bálẹ̀ létí rẹ̀, ẹ na ìró tàbí ọ̀pá sí i. Bí ó bá ti jáde, ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, kí ẹnì kan pe 112, kí ẹlòmíràn gbé mọ́tò sẹ́nu géètì. Ẹ wò bóyá ó ń mí, kó má ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lọ. Bí kò bá mí, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ dí imú rẹ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí àyà rẹ̀ máa gbé. Fún ìkókó, ẹnu yín á bo ẹnu àti imú rẹ̀ pọ̀. Bí kò bá tíì mí, ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ ní ìgbà 30, kí ó wọlé tó 5 cm fún ọmọ, 4 cm fún ìkókó (àtàǹpàkò méjèèjì ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́), ní ìwọ̀n ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Atẹ́gùn méjì, ìtẹ̀ 30, bẹ́ẹ̀ títí olùrànlọ́wọ́ á fi dé tàbí tó bá mí.

Àwọn ènìyàn á ní kí ẹ dorí rẹ̀ kodò, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ níkùn kí omi jáde. Ẹ má gbà fún wọn. Omi ikùn kì í ṣe ohun tó ń pa á. Atẹ́gùn ni kò ní, ikùn tí ẹ bá sì tẹ̀ lè mú kó bì, kí èébì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Kódà bí ó bá jí tó ń sunkún, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá délé

Ẹ fi ọṣẹ wẹ ọmọ, ẹ fọ irun rẹ̀, ẹ tẹ orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi etí ṣàn jáde. Ẹ má fi òwú orí igi bọ etí rẹ̀. Bí ó bá gbé omi mì tó sì húkọ́ lójú omi, ẹ fi ojú sí i lára títí dé ọjọ́ kejì: bí ikọ́ kò bá dáwọ́ dúró, bí ó bá ń mí kíákíá tí awọ àárín egungun ìhà rẹ̀ ń wọlé, bí ó bá ń bì, tàbí tó ń sùn lọ́nà tí kò bá tiẹ̀ mu tí ẹ kò sì lè jí i dáadáa, ẹ má dúró di àárọ̀. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, omi lásán ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ sá a síbi òjìji. Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í, ẹ tú u lálẹ́ ọjọ́ náà, torí lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ ṣí i.